Èéfín Ẹnu Kànga

Ọyẹ́ ọdún yẹn kò mojú ẹnikẹ́ni.
Ó la ètè wa, ó kọ ilà sí gìgísẹ̀ wa.
Láàárọ̀, ní Ìjọ̀mu, a kì í rí ilé ọ̀kánkán,
ikọ́ rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́.

Mo gbé péèlì lọ sí kànga ẹ̀yìnkùlé,
mo ṣí páànù orí rẹ̀,
èéfín funfun rú jáde,
ó fẹ́ sí mi níwájú bí èémí màlúù.
Mo ju péèlì nù, mo figbe ta:
iná ń jó nínú omi!

Ìyá àgbà kò tilẹ̀ dìde nídìí ààrò.
"Iná wo? Ilẹ̀ ló ń mí.
Ògẹ́rẹ́ a-fọkọ́-yẹrí, àbí o rò pé ó ti kú ni?
Ìwọ náà ya ẹnu rẹ níta, kí o wò ó.
Ohun tó bá ń mí, a kì í tutọ́ sí i lẹ́nu."
Mo ya ẹnu. Èéfín yọ.
Mo gbà.

Tíṣà Fámúrewá rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀.
Ó so okùn mọ́ tamọ́mítà,
ó kó gbogbo kíláàsì wá sílé wa
(ojú tì mí nítorí tòbí tó wà lórí okùn aṣọ).
Nísàlẹ̀, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Lókè, mẹ́tàdínlógún.
"Omi kò gbóná o, afẹ́fẹ́ ló tutù.
Ilẹ̀ nípọn: oòrùn kì í tètè wọ̀ ọ́, ọyẹ́ kì í tètè wọ̀ ọ́.
Ooru omi tó pàdé òtútù lẹ́nu kànga
ló di ìkúùkù tí ẹ̀ ń pè ní èéfín."
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi rúlà fa ìlà sí i nídìí.
Ohun kan wà tí n kò bi í:
kí ló dé tó fi ń rọra fa okùn yẹn sókè,
tí kò jẹ́ kí tamọ́mítà kan etí kànga,
bí ẹni tó ń gba ibi tí ọmọ ọwọ́ sùn sí kọjá?

Bàbá mi gbẹ́ kànga láti Arákàlẹ̀ dé Ọ̀bà-Ilé;
yangí kò kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀ rí.
Mo gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ bá a níbi tó ti ń pọ́n dígà.
Ó ní, "Bí mo bá ti wọlẹ̀ tó ogún ẹsẹ̀ bàtà,
n kì í mọ oṣù tí a wà mọ́.
Agẹmọ ni o, Ọ̀pẹ ni o, ara mi kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀.
Ìyá mi kò purọ́.
Tíṣà yín náà kò purọ́, kò kàn tí ì débẹ̀ rí ni."
Ó dán ẹnu dígà wò, ó dákẹ́,
ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.
"Mo máa ń gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.
Tàbí mo rò pé tèmi ni."

Ọyẹ́ ló mú lọ́jọ́ tí a fẹ́ sin ín.
Èmi náà ti di tíṣà, ewú ti yọ.
Olúwatúyì tó ń gbẹ́ ilẹ̀ gòkè wá,
ó bọ́ súwẹ́tà, ó fi kọ́ igi ìbẹ́pẹ.
"Màmá, inú ibẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́ o."
Mo mọ̀ pé ṣọ́bìrì ló mú un làágùn.
Síbẹ̀ mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ sínú ihò.
Mo mọ iye rẹ̀. Mo lè kọ ọ́ sójú pátákó fún yín,
pẹ̀lú òdo kékeré tó máa ń wà léjìká rẹ̀.
Ọwọ́ mi pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé pósí dé,
mo ní kí wọ́n rọra,
kí wọ́n má jẹ́ kó kan etí.